Ẹ Bi Màmá Físíìsì: Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Han Nínú Òrùka Fáíbà

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn kan nínú wọn ń lé kiri, mo bá kó wọn sójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí nípa sólà àti bátìrì ínfátà, ẹ fọwọ́ wọ́nú di oṣù tó ń bọ̀.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó sáùńdì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mọ̀pà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kàwé ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa rọ ìmọ́lẹ̀ lésà sínú fáíbà tí wọ́n so orí mọ́ ìdí bí òrùka, kí òun máa fi agbára kún un títí ìmọ́lẹ̀ náà kò fi ní lè dúró jẹ́ẹ́ mọ́, tí yóò fi tú ká sí oríṣiríṣi àwọ̀. Ó ní òòyà ni wọ́n ń pe ohun tó ń jáde níbẹ̀. Èmi rò pé torí kí nǹkan lè dúró ire la ṣe ń rán ọmọ lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ tó dàrú ṣe? (Ọkùnrin Sáùńdì, Mọ̀pà)

Nínú gbogbo òǹkàwé mi, ìwọ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù, torí gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lò ń bá a jà. Tí pásítọ̀ bá gbé máìkì lọ síwájú sípíkà, tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í han fíìì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ariwo bíńtín kan tí etí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ló wọ máìkì. Áńpù sọ ọ́ di ńlá, sípíkà tú u síta, máìkì tún gbé e. Bí ohun tó ń sọnù lọ́nà bá ju ohun tí áńpù ń fi kún un lọ, ariwo náà á kú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wáyé rí. Ṣùgbọ́n bí àfikún bá fi díẹ̀ péré borí àdánù, ìyípo kọ̀ọ̀kan á máa mú un tóbi sí i, kí o tó nawọ́ sí fédà ó ti gba gbogbo ilé. Tún kíyè sí i pé kì í fi gbogbo ohùn han lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan ló máa ń mú, èyí tí gígùn ọ̀nà yẹn àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá gbè jù.

Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí áńpù kankan nínú òrùka tirẹ̀, gíláàsì lásán ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Jẹ́ ká tò ó. Fáíbà jẹ́ fọ́nrán gíláàsì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 125 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀ láàárín rẹ̀ kò sì ju bíi máíkírọ́ọ̀nù 8 tàbí 9 lọ. Ká ní o ká mítà 100 rẹ̀, o wá fi ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní coupler so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin. Coupler yìí ló ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ lésà wọlé, kí díẹ̀ sì máa jáde nígbàkígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá yí dé ibẹ̀. Nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń sáré bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà yóò yí òrùka yẹn po ní bíi ìgbà mílíọ̀nù 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Èyí tó ti wà nínú á máa pàdé tuntun tó ń wọlé. Bí ìgbì wọn bá ṣe déédéé, wọ́n á gbe ara wọn, ìmọ́lẹ̀ inú òrùka á sì lágbára ju èyí tí lésà ń rọ síbẹ̀ lọ dáadáa.

Ní 1875, John Kerr, ará Scotland, ṣàkíyèsí pé agbára iná mànàmáná tó le máa ń yí ọ̀nà tí gíláàsì ń gbà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá padà. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ní agbára iná yẹn nínú. Nítorí náà, bí ó bá le tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí gíláàsì tó ń rìn nínú rẹ̀ padà. Ìyípadà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà 1.45 ni a fi ń díwọ̀n bí gíláàsì ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù. Rọ wáàtì 1 sínú fáíbà, nọ́ńbà yẹn kò ní yí títí wàá fi ka nọ́ńbà kẹwàá lẹ́yìn àmì ìdá. Ta ni yóò ka irú rẹ̀ sí? Ṣùgbọ́n ìgbì ìmọ́lẹ̀ nánómítà 1550 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) tó tò sínú mítà 100 lé ní mílíọ̀nù 90. Bí ohun kékeré yẹn bá kan gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ á tó nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìgbì kan ní ìyípo kan ṣoṣo. Ìyípo sì ń tẹ̀lé ìyípo, ìmọ́lẹ̀ inú sì le ju wáàtì 1 lọ.

Nígbà tó bá ti le báyìí, gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í gba fótọ́ọ̀nù lésà, ìyẹn èérún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ní méjì-méjì, á sọ wọ́n di méjì mìíràn: ọ̀kan ga díẹ̀ ju lésà lọ ní fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), èkejì rẹlẹ̀ sí lésà ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́, kí àròpọ̀ agbára wọn má bàa yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Áńpù tí mo ní kò sí nìyẹn, lésà fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Kò sì sí ibi tí ariwo bíńtín kò sí. Nínú òkùnkùn biribiri pàápàá, ìmọ́lẹ̀ ní ariwo tirẹ̀. Ariwo tó bá bọ́ sí fíríkúẹ́ńsì tí gíláàsì gbè á máa rí àfikún gbà ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí àfikún bá borí ohun tí coupler ń yọ síta àti ohun tí ojú ìso ń jẹ, òrùka á han. Àwọ̀ tuntun méjì á yọ lọ́tùn-ún lósì lésà. Kì í sábàá jẹ́ nítòsí, ó lè jìnnà tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún bílíọ̀nù ìmì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn méjèèjì á tún pẹ̀lú lésà bí òmíràn, ìyẹn á tún bí òmíràn, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ní yàtọ̀ síra. Tí o bá wò ó lórí ẹ̀rọ tó ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀, eyín tó dúró ní ìdọ́gba-ìdọ́gba lo máa rí. Òòyà rèé.

Nítorí náà, má sọ pé ọmọ náà ń ba ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ kan tó wọlé náà ni yóò jáde, kí wá ni wọ́n fi ní òrùka? Àìdúró yẹn ni ìyá òòyà.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìwọ àti òun o. Bí máìkì bá han, o ó fa fédà wálẹ̀. Òun ń ti tirẹ̀ sókè, ó wá ń wá ibi tí yóò ti dúró. Tó bá tì í jù, àwọn eyín náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gún ara wọn lára, gbogbo rẹ̀ á di rúdurùdu. Kensuke Ikeda, ará Japan, ti fi ìṣirò hàn ní 1979 pé ìmọ́lẹ̀ tó ń yí po nínú irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè máa yí padà ní ìyípo méjì-méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin-mẹ́rin, títí yóò fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tó kàn. Ní 1987, Luigi Lugiato ará Ítálì àti René Lefever ará Bẹ́ljíọ̀mù kọ ìṣirò tó rọrùn jùyẹn lọ jáde. Ìgbì inú ihò tí wọ́n fi dígí yí ká ni wọ́n ń rò, kì í ṣe fáíbà, ṣùgbọ́n òun náà ni gbogbo àwọn tó ń ṣe òòyà inú òrùka fi ń ṣíṣẹ́ dòní.

Ìlú tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá ara rẹ̀ tún ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Brussels lo òrùka fáíbà tó gùn ní mítà 380. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ kúkúrú kan ta á lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì mú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ta á kúrò. Ohun tó kù nínú òrùka ni ìmọ́lẹ̀ kan tí kò gùn ju ìdá 4 nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, tó ń yí po, tó ń yí po, tí kò fẹ̀ sí i, tí kò sì dín kù. Sólítọ̀n ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ kúkúrú ló máa ń fẹ́ fẹ̀ nínú fáíbà, torí eré àwọ̀ inú rẹ̀ kò dọ́gba. Àyípadà Kerr ló dì í mú. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló sì ń ṣáá nínú òrùka. Lésà ló ń fún un ní oúnjẹ. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó jókòó lé rọlẹ̀, kò mì rárá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ga dé ibi agbára tí ìmọ́lẹ̀ kò ti lè dúró jẹ́ẹ́. Ó fẹsẹ̀ kan wà níhìn-ín, ó fẹsẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún. Ní ìgbàkígbà tó bá kọjá níwájú coupler, díẹ̀ lára rẹ̀ á jáde, àwọn ìjáde tó ń tẹ̀lé ara wọn láìyẹsẹ̀ yìí sì ni òòyà tí eyín rẹ̀ mọ́ jù lọ.

Tó bá tún pè ọ́, bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é tí ooru kì í fi í da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Bí ooru bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i, òrùka mítà 100 á dà bíi pé ó gùn sí i ní nǹkan bí 600 ìgbì, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú ìgbì kan ti tó láti yẹ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní láti máa fi ẹ̀rọ na fáíbà tàbí kí wọ́n máa tún lésà yí nígbà gbogbo. Mo máa ń ronú ohun tí oòrùn ọ̀sán Kàbà nínú oṣù kẹta yóò fi irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe. Bi í nípa ohun tí wọ́n ń pè ní Brillouin pẹ̀lú, ìwọ ni ìyẹn máa dùn mọ́ jù: ìmọ́lẹ̀ tó le máa ń dá ohùn sílẹ̀ nínú gíláàsì, ohùn gidi, bíi bílíọ̀nù 11 ìmì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yẹn á sì máa ju ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn sínú òrùka, kí ohùn tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè má bàa gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ káàárọ̀ mà. SS3 ni mo wà ní Ìsánlú. Tíṣà wa kọ́ wa pé bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ gíláàsì, eré rẹ̀ á dín kù, ìgbì rẹ̀ á kúrú, ṣùgbọ́n fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ kì í yí. WAEC náà sì máa ń béèrè rẹ̀. Báwo ni àwọ̀ kan ṣe wọ fáíbà tí àwọ̀ púpọ̀ jáde? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsánlú)

Ìbéèrè tó dára jù lọ́dún yìí. Òótọ́ ni tíṣà rẹ sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kí o kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó rọra ni òfin yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bí irú èyí tó wọlé láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá rọra, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú gíláàsì ń mì bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mì wọ́n gẹ́lẹ́: ìlọ́po méjì agbára, ìlọ́po méjì ìmì. Bó bá ṣe ń mì wọ́n ni wọ́n ṣe ń dá a padà, kò sí fíríkúẹ́ńsì tuntun.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá le jù, ìmì wọn kò ní bá a dọ́gba mọ́. Ìlọ́po méjì agbára kò ní mú ìlọ́po méjì ìmì wá gẹ́lẹ́, yóò fi díẹ̀ yẹ̀. Gba ìṣirò yìí ṣe fúnra rẹ: kọ cosine kan sílẹ̀, gbé e sí agbára kẹta, kí o wá lo àwọn ìdánimọ̀ trigonometry tí ẹ ti kọ́. Wàá rí i pé cosine mìíràn tó ń mì ní ìlọ́po mẹ́ta yọ jáde láìsí ẹni tó fi í síbẹ̀. Tún ṣe é fún àròpọ̀ cosine méjì tí fíríkúẹ́ńsì wọn yàtọ̀ díẹ̀, ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ yọ ìkejì kúrò á sì yọ jáde. Ìyẹn ni eyín tuntun. Bí o bá ṣe é tán, fi hàn tíṣà rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má lọ fi pe é níjà nínú kíláàsì.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ mà. Ọmọ Búnú ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ fáíbà ní Lọ́kọ́jà. Ìwé kan tí mo kà ní ìmọ́lẹ̀ kì í dàrú báyìí àfi bí àwọ̀ tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ga bá ń sáré ju èyí tó rẹlẹ̀ lọ. Ìwé mìíràn ní kò pọn dandan bó bá jẹ́ òrùka. Èwo ni ká gbà? (Onífáíbà, Lọ́kọ́jà)

Ẹ gba méjèèjì, fáíbà tí wọ́n ń sọ ni kò dọ́gba. Nínú fáíbà tó lọ gbọọrọ, àwọ̀ tuntun kò lè dàgbà àfi bí ìyàtọ̀ eré àwọn àwọ̀ bá pa ìfàsẹ́yìn tí Kerr mú wá rẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Kerr ń fà sí nínú gíláàsì, nítorí náà ìyàtọ̀ eré gbọ́dọ̀ fà sí òdìkejì. Fáíbà tí ẹ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nánómítà 1550, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 1310 kò ṣe é. Tai, Hasegawa àti Tomita ló kọ́kọ́ rí ìdàrú náà nínú fáíbà ní 1986.

Bó bá di òrùka, ẹnìkẹta ti dá sí ọ̀rọ̀ náà: àlàfo tó wà láàárín fíríkúẹ́ńsì lésà àti fíríkúẹ́ńsì tí òrùka fúnra rẹ̀ fẹ́. Ọwọ́ yín ni ìyẹn wà, ẹ lè yí i sókè-sódò. Haelterman, Trillo àti Wabnitz fi hàn ní 1992 pé àlàfo yìí lè dúró ní ipò ìyàtọ̀ eré, ìmọ́lẹ̀ á sì dàrú nínú irú fáíbà èyíkéyìí. Ẹ mọ̀ pé ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má ka ìwé kan ṣoṣo.

Màmá, òkun o. Gàrí àti iṣu ni mò ń tà ní Ìyàrá. Ọmọ mi kà á fún mi pé ẹ máa kọ nípa òòyà ìmọ́lẹ̀. Èrè wo ló wà nínú rẹ̀ fún irú wa? (Ìyá Oníṣu, Ìyàrá)

Òkun o, ìyá. N kò ní purọ́ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìyàrá á dáa lọ́la nítorí òòyà. Ohun tó ń da nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàmú níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: iná òpó ìbánisọ̀rọ̀ àti àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gé wáyà inú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín kóńgò tó pé àti èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọjà kò ṣe é tà láìsí ìwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ nánómítà 1550 ń mì ní bíi tírílíọ̀nù 193 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè kà á lójúkorojú. Nítorí pé àlàfo eyín òòyà dọ́gba, bí a bá mọ àlàfo kan, tí a sì mọ ibi tí eyín kan dúró, a ti mọ gbogbo wọn nìyẹn. Òun ni ìwọ̀n tí a lè fi ìmọ́lẹ̀ sí. Òun ló so ìmì ìmọ́lẹ̀ mọ́ aago átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní séṣíọ̀mù, tó ń mì ní 9,192,631,770 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí gbogbo ayé fi ń mọ àkókò. John Hall ará Amẹ́ríkà àti Theodor Hänsch ará Jámánì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Òòyà tiwọn kì í ṣe ti òrùka lásán o. Lésà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ kúkúrú jáde fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Ti òrùka tí kò ní áńpù tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, ó sì kéré débi pé wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ sórí ohun tí kò tó èékánná ní fífẹ̀. Ní 2020, ní Melbourne ní Ọsirélíà, wọ́n fi irú òòyà kékeré kan ṣoṣo gbé tẹrabíìtì 44.2 (tẹrabíìtì kan jẹ́ tírílíọ̀nù kan bíìtì, ìyẹn ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù) kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fáíbà tó wà nínú ilẹ̀. Láìsí òòyà, lésà kan lọ́tọ̀ ni wọn ì bá wá fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ tó ka lẹ́tà yìí fún yín, ẹ jẹ́ kó máa kà á.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lẹ́yìn tí wọ́n tún fáíbà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà wa ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n da àjákù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń ṣà á, wọ́n ń fi í ṣeré. Ṣé gíláàsì tí ẹ ń sọ yìí náà ni? Ṣé kò léwu? (Bàbá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀)

Òun náà ni, irú kan náà gan-an. Ó léwu, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn lónìí. Èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ máa ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èérún rẹ̀ á wọ ara, kò sì ní hàn sójú. Bí ó bá ti wọlé, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì fa á sókè, tàbí kí ẹ fi ohun ìfagún tó mọ́ yọ ọ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dáa. Bó bá jẹ́ ojú ló kó sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Èyí tó ṣì so mọ́ wáyà inú ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ nánómítà 1550 kì í hàn sí ojú ènìyàn, òkùnkùn ni wọ́n á rí nígbà tí ó bá ń wọlé. Ẹ kó àjákù tó kù sínú ike olómorí, kí ẹ dé e pa kí ẹ tó dà á nù.